Àwàdà Tí Mo Fi Ń Bo Ojú Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Lónìí, gbogbo èrò ṣọ́ọ̀bù ńlá dìde fún mi. Bí mo ṣe yọjú báyìí, gbogbo wọn ló nàró, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ẹ̀rọ tó ń mú ẹja dì, ọkùnrin, obìnrin, aláboyún.

Ó dáa. Wọ́n ti nàró kí n tó dé. Kò sí àga níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kí mi, ọmọbìnrin tó ń gbowó, tí mo sọ ní Píìn-píìn nítorí bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe máa ń ké nìyẹn tó bá ti fi ọjà hàn án. Ara iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó kí èèyàn. Ṣùgbọ́n ó kí mi tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ tún ti dé?" Mo ní, "Ṣé kí n padà ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rà: iyọ̀, ìrẹsì, ọṣẹ, búrẹ́dì. Ẹ̀rín yẹn, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ mi obìnrin ló ra ìwé yìí fún mi. Ó ní kí n máa kọ nǹkan sí i kí ọpọlọ mi má baà sùn lọ. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, nígbà tí tíṣà sọ fún bàbá mi pé àwọn ọmọ yòókù kì í gbọ́ tòun mọ́, tèmi ni wọ́n ń gbọ́. Ìwé ńlá, ìlà fẹ̀. Mo ní máákà dúdú ni kó rà, kì í ṣe bírò, pé ọ̀rọ̀ mi tóbi ju ohun tí wọ́n ń kọ wẹ́wẹ́ lọ. Ó gbà.

Nínú ìwé yìí, Wọ́dà ni mo máa pè é. Òun ló ń tilẹ̀kùn, òun ló ń ṣí i. Ọkọ rẹ̀ ni Ó-dáa, nítorí gbólóhùn méjì ló mọ̀ láyé: "ó dáa" àti "ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ibi tí à ń gbé. Ibi tí ìlú parí sí ni. Bọ́ọ̀sì á dé ibí, á yí padà, bíi pé ó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Ilé ní ìlà-ìlà, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà — fèrèsé kan náà, ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀dà kan náà tó rí bíi tíì tí wàrà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ́ wọn, ó jọ pé ilé kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn tí apá wọn ò ká ilé àárín ìlú ló ń gbé ibí. Wọ́dà ń ran aṣọ nọ́ọ̀sì ní ilé iṣẹ́ kan láàárín ìlú. Ó-dáa ń ṣe káfíńtà lábẹ́ ọ̀gá kan níbẹ̀ náà. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n fi ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Ilé tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni mò ń gbé inú rẹ̀. Àwọn kàn ń wá sùn níbẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án, kò sí ẹnikẹ́ni ní òpópónà wa àfi èmi, Sájẹ́ńtì, àti ajá. Sájẹ́ńtì ni ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé ilé òdìkejì. Ajá ò lórúkọ, kò sì lólúwa. Ògiri ga yí gbogbo wa ká. Mo bi Ó-dáa pé ṣé kí olè má baà wọlé ni àbí kí àwa má baà jáde. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Láti ìgbà tí ìyá Wọ́dà ti kú tí wọ́n kó mi wá síbí, ohun kan ṣoṣo ló kù tí mò ń dá ṣe: ọjà. Láàárọ̀, mo wẹ̀, mo wọ bàtà, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo dé ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà létí títì, mo ra ohun tí wọ́n ní kí n rà. Mo yọ Píìn-píìn lẹ́nu. Mo padà. Òun ni mo fi ń mọ̀ pé mo ṣì wà láyé.

Ọ̀rọ̀ kan wá wà níbẹ̀. Ìwọ ìwé yìí nìkan ni mo máa sọ ọ́ fún, nítorí o ò lẹ́nu. Ojú mi ń lọ.

Kì í ṣe pé gbogbo ayé ṣókùnkùn. Etí nǹkan ni mò ń rí. Àárín rẹ̀ ni kò sí. Bí mo bá wo ilẹ̀kùn, férémù ni mo rí. Bí mo bá wo èèyàn, mo rí etí, mo rí èjìká. Ibi tó yẹ kí ojú wà rí bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò ra ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ yìí pàápàá, ẹ̀gbẹ́ ojú ni mo fi ń ṣọ́ wọn, bí ẹni tó ń yọjú wo ìnáwó tí wọn ò pè é sí.

Bí Wọ́dà bá mọ̀, ọjà parí. Kò ní ṣe mí níkà o. Á sunkún, á tọ́jú mi, á ní kí n jókòó. Ìtọ́jú yẹn ni mò ń sá fún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Dráfù pẹ̀lú Sájẹ́ńtì níwájú ilé rẹ̀. Ọmọrí ìgò la fi ń ta á — tirẹ̀ dojú kọ òkè, tèmi dojú délẹ̀. Mo máa ń fi ìka tọ́ wọn wò kí n tó sún wọn. Ó ní, "Ẹ yéé fọwọ́ pa àwọn ọmọ yẹn lórí, ṣé ẹ ń súre fún wọn ni?" Mo ní, "Mò ń tù wọ́n nínú ni. Wọ́n ti gbọ́ pé ọlọ́pàá ló ń lé wọn bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ó jẹ mí. Ó tún jẹ mí. Mo ní mo fi ta á lọ́rẹ ni, nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti rí nǹkan jẹ. Ó gbà. Gbogbo wọn ló máa ń gbà. Wọ́n ti mọ̀ mí sí aláwàdà. Ohunkóhun tí mo bá ṣì ṣe, àwàdà ni wọ́n ń pè é. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń kọ́ ilé àwàdà yẹn sílẹ̀, mi ò mọ̀ pé èmi náà máa sá wọ inú rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Òjò. Bọ́ọ̀sì ò wá. Èmi àti ògiri wo ara wa títí. Èmi ni mo kọ́kọ́ yẹjú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ní kí n lọ na ẹsẹ̀ dé ìdí ògiri. Mo lọ, mo bọ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà, mo jókòó sórí àga mi. Mo ní, "Ẹ bá mi bu omi níbẹ̀ yẹn."

Obìnrin kan jáde láti ilé ìdáná. Ohùn tí mi ò mọ̀. "Ẹ káàsán o, Bàbá. Ta lẹ wá?"

Àga yẹn gan-an ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ó rọ̀ ju tiwa lọ, èmi ni mi ò dá a lóhùn. Mo ní, "Ìwọ ni mo wá. Wọ́n ní omi ilé yìí dùn ju ti ọ̀dọ̀ ọmọ mi lọ, mo ní kí n wá wádìí ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bu omi fún mi tòótọ́. Mo mu ún tán, mo ní irọ́ ni wọ́n pa. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi délé. Nígbà tó ròyìn fún Wọ́dà, àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń fẹ̀rín gbọ̀n. "Bàbá mi! Bàbá mi ò lè yí padà láéláé!" Wọ́dà ló ń wí bẹ́ẹ̀.

Mo wọ yàrá mi. Mo fọwọ́ tọ́ àga ibẹ̀ wò kí n tó jókòó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n ti tún ṣọ́ọ̀bù tò! Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́?

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń rajà fún ọ, kí o lè mọ irú ìkà tí wọ́n ṣe. Mi ò kì í ka nǹkan kan. Òórùn ọṣẹ ló máa ń pàdé mi lápá òsì. Bí òórùn yẹn bá ti tán, ìrẹsì ló kàn; mo máa ń fọwọ́ tẹ àpò rẹ̀. Ibi tí òtútù bá ti gbá mi lẹ́sẹ̀, ibi wàrà àti ẹja tútù nìyẹn. Ẹja inú agolo wà lẹ́yìn òtútù, ní pẹpẹ tó bá àyà mi dọ́gba. Iyọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí mo ti máa ń ṣe bí ẹni ń so okùn bàtà. Ẹsẹ̀ àti imú ni mo fi ń rajà, ojú kàn ń tẹ̀ lé wa ni.

Lónìí mo wọlé, òórùn búrẹ́dì ló pàdé mi níbi tí ọṣẹ wà. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n jí ilé rẹ̀ gbé. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi fi ọmọlanke rẹ̀ lu mí ní gìgísẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe, pé ó dùn mọ́ mi. Ó kọjá lọ. Mo rìn yípo. Mo rí òtútù — ó ti lọ sí apá ọ̀tún. Mo fọwọ́ bá agolo lẹ́yìn òtútù, mo mú mélòó kan. Wọ́n sanra díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní bóyá ẹja ọdún yìí jẹun kánú ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Oúnjẹ ológbò ni. A ò ní ológbò.

Wọ́dà ti ibi iṣẹ́ dé, ó tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe gbọ́ bó ṣe ń kan wọ́n mọ́ igi, mo ti mọ̀ pé ẹja kọ́. "Bàbá, kí lèyí?" Mo ní, "O ò rí àwọn eku ilé yìí bí wọ́n ṣe gbẹ ni? Ológbò wo ló máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá torí irú wọn? Oúnjẹ gidi la máa kọ́kọ́ fi pè é."

Ó-dáa rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀. Wọ́dà ò rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti òwúrọ̀ ló ti ń tẹ máṣìnì. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ràn àwàdà yín. Ṣùgbọ́n a ò ní nǹkan tí a máa fi jẹ ìrẹsì yìí. Bí ẹ bá tún fi ọjà ṣeré báyìí, ẹ ò ní lọ mọ́. Orí fóònù ni mo máa ti máa rà á, wọ́n á fi alùpùpù gbé e wá síbí, ẹ̀yin á máa sinmi."

Sinmi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fún mi lẹ́bùn.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó-dáa bá mi dá sí i: "Ó dáa, jẹ́ kí Bàbá máa lọ." Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ìgbà tó kẹ́yìn nìyí. A fi iyọ̀ jẹ ìrẹsì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo bi Sájẹ́ńtì léèrè ìgbà tó dé títì gbẹ̀yìn.

Ó ní, "Títì wo?"

Mo rò pé òun náà ń bá mi ṣe àwàdà. Rárá o. Láti ìgbà tó ti ṣubú ní balùwẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ní kó má jáde mọ́. Wọ́n ń gbé gbogbo nǹkan wá fún un: oúnjẹ, oògùn, kódà abẹ fífá irùngbọ̀n. Ó ní, "Kò sí ohun tí mo ṣe aláìní, arákùnrin." Ó ń sọ ọ́, ó ń tún àwọn ọmọrí ìgò tò, ó tú wọn, ó tún tò wọ́n. Mo ní, "Sájẹ́ńtì, gbogbo àwọn tí ẹ tì mọ́lé nígbà ayé yín, wọ́n kí yín o." Ẹ̀rín tó rín níbẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Àṣírí tú, lọ́wọ́ Píìn-píìn.

Mo dé ìdí ẹ̀rọ, mo ń bá a tàkúrọ̀sọ bíi ti àtẹ̀yìnwá: pé ó ń lẹ́wà sí i, pé kó máa fi ẹ̀wà náà pamọ́ de èmi. Ohùn rẹ̀ wá láti apá kejì: "Bàbá, ibí ni mo wà." Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, páálí gíga kan ni, tí wọ́n ya àwòrán obìnrin sí, tó ń polówó ọṣẹ. Mo ní, "Mo mọ̀. Òun ló mọ iyì ọ̀rọ̀ ju ìwọ lọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó wà lórí ìlà má baà gbọ́. "Bàbá, bí bàbá mi àgbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ ò ríran."

"Mo ríran ju ìwọ lọ."

"Aṣọ aláwọ̀ wo ni mo wọ̀?"

"Èyí tó yẹ ọ́."

"Bàbá."

"Hẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín."

Mo gbé ẹrù mi. Mo ní bó bá sọ fún ẹnikẹ́ni, mo máa fi í ṣe ìyàwó. Ó ní, "Ẹnu mi ti pa nìyẹn o." A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo na ọwọ́ sí bọ́ọ̀sì, ó dúró. Mo gòkè, mo ń gòkè, àtẹ̀gùn ò tán. Awakọ̀ ní, "Bàbá, lọ́ọ̀rì yẹ̀pẹ̀ lẹ wọ̀ yìí o." Mo ní, "Mo mọ̀. Bọ́ọ̀sì ti kéré jù fún mi." Ó ní kí n jókòó. Ó gbé mi dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ọ̀nà ló ń pè mí ní Ọ̀gá, mo sì ń dáhùn. Kí a sọ òótọ́, mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo rò ó pé bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ náà ò dúró ńkọ́ — pé mo ti bọ́ sójú títì kí n tó nawọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́dà ń fọ aṣọ. Mo jókòó tì í. Ó ń kọ orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ, ó sì ṣì í kọ níbi kan náà tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣì í kọ. Mi ò tún un ṣe fún un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ti rí ọgbọ́n dá! Ẹnu mi ni mo máa fi máa ríran.

Bó ṣe rí nìyí. Mo dúró níwájú pẹpẹ, mo mú nǹkan, mo dúró de obìnrin tó bá ń kọjá. "Sisí, bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbí. Kì í ṣe pé mi ò lè kà á o, ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́." Á ní, "Ẹ wo bàbá yìí!" Á sì kà á. Ẹja ni. Iyọ̀ ni. Ẹnì kan ní, "Oògùn eèrà ni o, Bàbá, ẹ má jẹ ẹ́." Mo dá a padà wẹ́rẹ́. Ìyá kan tí òun náà ti dàgbà ní àgbàyà ni mí, kí n gbé agbọ̀n mi kúrò lọ́nà. Mo ní ohùn tirẹ̀ ló dùn jù.

Ohun gbogbo pé. Wọ́dà yẹ àpò wò, ó yẹ̀ ẹ́ wò dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun gan-an." Inú mi dùn bíi ti ọmọ tó yege ìdánwò. Mo wá rántí pé mi ò yege ìdánwò kankan rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ ogún

Ó-dáa tètè dé lónìí. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Bàbá, ẹ wo eléyìí."

Mo na ọrùn, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ lásán. Mo ní, "Áà! Arẹwà nìyí. Ó jọ ìyá rẹ gan-an."

Ó fa fóònù náà sẹ́yìn. "Bàbá, kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni."

"Ṣé mo ní kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ni? Wo bó ṣe fẹ̀ láyà. Wo bó ṣe nàró ṣinṣin. Ìyá rẹ náà nìyẹn, a kàn fi ilẹ̀kùn sí i ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó dá wáí, bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n pa. Kò tilẹ̀ ní "ó dáa." Nígbà tí Wọ́dà wọlé, àwọn méjèèjì lọ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá wọn. Ògiri ilé yìí fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá sín, èmi ni mò ń kí wọn pẹ̀lẹ́. Èyí tí wọ́n sọ lónìí, mi ò gbọ́ ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ohunkóhun. Wọ́dà din ẹyin fún mi, ó sì ní kí n gba ti òun kún un. Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Mo mú Wọ́dà lónìí! Mo mú un bí ẹni mú ewúrẹ́ nínú oko!

Kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jáde láàárọ̀ bí ẹni ń lọ, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wá lọ dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kó lè ṣọ́ mi. Ó rò pé mi ò ní mọ̀ ọ́n. Èmi! Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti mọ̀ ọ́n, nípa bó ṣe ń rìn. Mo ní kí n fi ṣeré díẹ̀. Mo bá a níwájú àpò ìrẹsì. Mo ní, "Sisí, bá mi ka èyí, ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́." Kò fọhùn. Mo ní ṣé ó ti lọ́kọ ni. Kò fọhùn. Mo yọ ọ́ lẹ́nu títí a fi jọ dé ìdí ẹ̀rọ Píìn-píìn. Ibẹ̀ ló ti wá lanu pé, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, Bàbá." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àháà! O rò pé o lè tan bàbá tó bí ọ?" Gbogbo ìlà bá mi rẹ́rìn-ín.

Nínú bọ́ọ̀sì ó ní, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ mọ̀ pé èmi ni?"

Mo ní, "Láti ẹnu ọ̀nà."

Ó ní, "Ó dáa." Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ọkọ rẹ̀.

Mo bọ́. Ọjà ṣì jẹ́ tèmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo gbọ́ tí Wọ́dà ń ròyìn rẹ̀ fún Ó-dáa nínú ilé ìdáná. "Ó bi mí bóyá mo ti lọ́kọ!" Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tirẹ̀ yí padà, ó di nǹkan mìíràn. Ó ṣí omi ẹ̀rọ, omi náà ń dà, ó ń dà, kò sì sẹ́ni tó ń fọ nǹkan kan.

Mi ò jáde sí wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Láàárọ̀ yìí Wọ́dà — rárá. Ọmọ mi. Ọmọ mi gbé àga wá, ó jókòó síwájú mi, ó sún mọ́ mi débi tí orúnkún wa fi kan ara wọn. Ó ní òun ò bínú, òun ò sì wá jà.

Ó ní, "Bàbá, mo ti sọ fún ọkọ mi pé ẹ mọ̀ mí lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá tún sọ ọ́ fún mi nísinsìnyí, màá gbà á. A ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́. Lọ́la ẹ máa lọ ra ọjà yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni?"

Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi yẹn. Àwàdà kan ti wà lórí ètè mi, èyí tó dáa pàápàá. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè rí i díẹ̀. Etí. Èjìká. Ó mọ ohun tí mò ń ṣe. Òun náà sún ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wá ibi tí ojú mi wà kó lè bọ́ sínú rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí ògiri ti ya. Kò rí i. Ó tún sún. Kò rí i. Àwàdà náà padà sínú ọ̀fun mi.

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nìyí. Mo sọ ọ́ fún un, kó lè gbọ́ ọ láti ẹnu mi, mo sì ń kọ ọ́ síbí. Obìnrin kan dúró níwájú ìrẹsì. Mi ò mọ bó ṣe ń rìn, nítorí kò rìn. Mo ní kó bá mi kàwé ara àpò, kò fọhùn. Mo bi í bóyá ó ti lọ́kọ, kò fọhùn. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti fi ara rẹ̀ balẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò ní rí mọ́. Mo ní kó má bẹ̀rù, pé ọmọ mi obìnrin ni wọ́dà mi, kò ní jẹ́ kí n gbé ìyàwó wálé. Mo ní ó le. Mo ní ṣùgbọ́n kò ṣòro láti tàn, pé bí mo bá ti pa á lẹ́rìn-ín, kò ní wo ibi tí ojú mi ń wò. Mo ní ojú mi ti lọ, kò mọ̀. Mo bẹ obìnrin náà pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bí ọmọ mi bá gbọ́, wọ́n á tì mí mọ́ ilé bíi Sájẹ́ńtì, kí n tó kú ni màá ti kú.

Obìnrin náà gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ mi, ó gbé e sínú agbọ̀n. Ó di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé aláàánú kan ni. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ ni mo tó mọ̀. Ẹ̀rín tí mo bú sí níbẹ̀, ìpayà ni.

Ọmọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé ìgbà wo ni mo rí ojú òun gbẹ̀yìn. Mo rò ó títí. Mi ò lè sọ. Ó ní lọ́la òun ò ní lọ síbi iṣẹ́, a jọ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Kò sọ nǹkan kan nípa ọjà. Èmi náà ò bi í.

Ọmọ mi dúró níwájú mi lójú ọ̀sán, mo bá a sọ̀rọ̀ títí, mi ò mọ̀ ọ́n.